Omi Ni Mo Fi Mọ Inú Idẹ Tuntun

Nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí i kà, ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ dákun, ta ni yóò jókòó ka ìwé nípa kòròfo ọta?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Fa àga yẹn súnmọ́ mi."

Ó fà á. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ síhìn-ín. Bí mo bá gbàgbé nǹkan níbì kan, ọjọ́ orí ni kí ẹ bá wí.

Orúkọ mi ni Jímọ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbefun, láti Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Jímọ̀ Olómi ni àwọn ọdẹ ń pè mí. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ máa ń rò pé omi ni mò ń tà. Rárá o. Ìbọn ni mo fi ohun tó lé ní ogójì ọdún tún ṣe, mo sì ń di ọta fún àwọn ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ. Orúkọ Olómi yẹn, ojú ẹnì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kó tó di tèmi. A óò dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá mi, àwọn àgbà méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, mo sì di ọmọ iṣẹ́. Ní ti owó, iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó kọ́lé fún mi, ó rán àwọn ọmọ mi nílé-ìwé. Ó tó.

Ọ̀gá mi ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Bàbá Sájìn ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n bá àwọn òyìnbó ja ogun Bọ́mà, ibi tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé àṣẹ náà wà nínú gíláàsì lára ògiri. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń nu gíláàsì náà, wọn kì í rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, ẹ̀wù wọn kì í ní ìdọ̀tí, wọn kì í sì í pariwo. Ẹni tó bá ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn óò kàn máa wò ó ni títí yóò fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ráífù kò tó nǹkan, bóyá márùn-ún tàbí mẹ́fà ní gbogbo agbègbè yẹn, ọwọ́ àwọn àgbà ọdẹ ni wọ́n wà. Ọta ráífù kò rọrùn láti rí rà nígbà náà. Nítorí náà, bí ọdẹ bá yìnbọn tán, yóò ṣa kòròfo idẹ rẹ̀ nílẹ̀, yóò sì kó o padà wá fún wa. Àwa yóò yọ káàpù, irin kékeré tó ń tan iná sí ẹ̀tù, tó ti jó kúrò ní ìdí rẹ̀, a óò fi tuntun sí i, a óò rọ ẹ̀tù tí a ti wọ̀n sínú rẹ̀, a óò sì fi orí ọta dé e. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ ti rí i pé kò le lẹ́nu. Ọwọ́ ni gbogbo ìnira rẹ̀ wà.

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbálẹ̀, tí mo fi nu irin, tí mo fi ń wo Bàbá Sájìn. Òṣùwọ̀n wọn jẹ́ abọ́ idẹ kékeré méjì tí wọ́n so rọ̀ sórí irin tín-ín-rín kan. Èso wẹ́rẹ́njẹ́jẹ́, pupa olójú dúdú yẹn, ni wọ́n ń kà sínú abọ́ kan, tí wọn óò sì máa da ẹ̀tù sínú èkejì títí abọ́ méjèèjì yóò fi dúró dọ́gba. Bí wọ́n bá ti wà nídìí òṣùwọ̀n náà, ẹni tó bá kí wọn, ara rẹ̀ ló kí. Mo rántí ọjọ́ tí ìyàwó wọn gbé oúnjẹ wá.

"Bàbá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Bàbá Ṣadé! Àbí ẹ ti ya odi ni?"

Bàbá Sájìn dúró títí abọ́ méjèèjì fi sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè. "Mi ò ya odi. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Ìyá wo òṣùwọ̀n, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ó dáa, ẹ sọ fún un kó wá bá yín se ọbẹ̀ lálẹ́."

Àwa ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tẹjú mọ́ ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò gbàgbé: Bàbá Sájìn da ẹ̀tù tí wọ́n ti wọ̀n tán yẹn padà sínú agolo, wọ́n tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kò pé ni. Wọ́n ní, "Ó pé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń pé, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi."

Wọ́n ní òfin mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Èkíní ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí òṣùwọ̀n. Èkejì ni pé ẹni tó bá di ọta sínú idẹ tuntun ni yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ yin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ìbọn ráífù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a ń gbé lé ìdí rẹ̀ bí a bá fẹ́ wò ó dáadáa, nítorí náà bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ojú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní bí o kò bá lè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ lé e, kí ló dé tí o fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ lé e?

Òfin kẹta ló le jù. Bí idẹ tuntun bá dé, kódà kó jẹ́ pé ìbọn kan náà ló fẹ́ lò ó, ẹ̀tù kan náà, orí ọta kan náà, gbogbo ìwọ̀n tí a ti ń lò fún idẹ àtijọ́ ti di òfo. A óò fi ẹ̀tù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò di ọta rí láyé rẹ̀, a óò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Èyí kò yé mi. Mo kó idẹ méjì sọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, àtijọ́ kan, tuntun kan. Wọ́n rí bákan náà. Gígùn wọn dọ́gba. Mo ní, "Bàbá, kí ni ìyàtọ̀?"

Wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ìyá ti ń dáná. Wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kan àti ìkòkò irin fẹ́lẹ́ kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí o bá wò wọ́n láti ìta, ọgbọọgba ni wọ́n. Wọ́n ní kí n bu omi kún ti irin, kí n dà á sínú ti amọ̀. Omi kún ìkòkò amọ̀, ó ṣẹ́ kù, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn wọn dọ́gba, àbí? Ara amọ̀ nípọn, ó ti jẹ nínú àyè inú. Idẹ náà nìyẹn. Ìbọn ló ń sọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe rí, ẹni tó rọ ọ́ ló mọ bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bí àyè inú bá kéré, tí o sì rọ ẹ̀tù kan náà sí i, èéfín rẹ̀ yóò wá ibi tí yóò gbà. Ẹ̀yìn ìbọn ni ojú wà."

Bí wọ́n ṣe ń mọ àyè inú nìyí. Wọn óò fi káàpù tó ti jó sílẹ̀ ní ìdí idẹ kí omi má baà jò, wọn óò wá fi ìkán-oògùn onígíláàsì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, máa kán omi sínú idẹ náà, wọn óò máa kà á, títí omi yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu. Iye ẹ̀kán omi tí idẹ bá gbà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Wọn óò wá fi tìróò tí wọ́n fi òróró pò kán àmì kékeré sí ìdí idẹ kọ̀ọ̀kan: ẹyọ kan fún ti àtijọ́, méjì fún tuntun. Wọn kì í fi ayùn gé àmì sí i. Wọ́n ní idẹ tí a bá ti gé lára, ibẹ̀ ni yóò ti ya.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ni mo mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kì í ṣe àìmọ̀.

Ọdún karùn-ún mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọdún Ògún ń bọ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ wa, kò sí irin tàbí idẹ tí kì í dán lọ́jọ́ Ògún. Àdá, ọ̀bẹ, ẹnu ìbọn, títí dé bọ́tìnnì ẹ̀wù, gbogbo rẹ̀ ni wọn óò fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀. Àgbà ọdẹ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Bàbá Odùbọ́lá, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi, aláwàdà ènìyàn. Ìmàdò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ wọn tán lóko ní ọdún náà. Wọ́n kó idẹ àtijọ́ wọn wá, wọ́n sì kó idẹ tuntun tí ẹnì kan bá wọn rà l'Ékòó pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá mi yẹ omi inú ti tuntun méjì péré wò, ó fi ẹ̀kán mẹ́rin dín sí ti àtijọ́. Wọ́n fi tìróò sàmì sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n di ti àtijọ́, kí n má fọwọ́ kan ti tuntun títí wọn yóò fi dé, nítorí pé òkú ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Ìbefun, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò lò.

Mo fẹ́ kí orí ọ̀gá mi wú. Ọjọ́ Ògún ni Bàbá Odùbọ́lá yóò kọ́kọ́ gbé ọta náà jáde lójú àwọn ọdẹ, mo sì fẹ́ kó máa kọ mọ̀nà. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́, mo ku eérú, mo da gbogbo idẹ sínú ọpọ́n kan ṣoṣo, mo sì fọ̀ wọ́n bí ẹni fọ abọ́ àlejò. Mo sá wọn sóòrùn. Nígbà tí mo padà wá kó wọn, inú mi dùn, wọ́n ń tàn bíi wúrà. Mo mú ọ̀kan, mo yí ìdí rẹ̀ padà láti wo àmì.

Kò sí àmì. Ọsàn ti wẹ tìróò kúrò lára gbogbo wọn pátá.

Mo jókòó tì wọ́n. Ohun tó yẹ kí n ṣe hàn gedegbe: kí n gbé ìkán-oògùn, kí n fi omi yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dìde láti wá ìkán-oògùn náà ni Bàbá Odùbọ́lá wọlé.

"Jímọ̀! Ṣé ó ti yá? Ìmàdò ò ní dúró dè wá o, ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ, kì í gbààwẹ̀."

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀! Ọ̀gá rẹ ti sọ ọ́ di ìgbín bíi tirẹ̀. Mò ń padà bọ̀ lọ́sàn-án."

Mo ṣe ohun tí ojú sọ fún mi. Mo mú àwọn tó dà bíi pé wọ́n ti pẹ́ sọ́tọ̀, mo sì rọ ìwọ̀n ti àtijọ́ sínú wọn. Mo fi orí ọta dé wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gbé ọ̀kan sójú oòrùn, wọ́n súfèé. Wọ́n ní, "Jímọ̀, èyí dára ju ti Sájìn lọ." Ìyìn yẹn ni mo gbà. Mi ò sọ fún wọn pé ọsàn ti wẹ àmì nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ìyá Bàbá Odùbọ́lá kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọta méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀kẹta tú sẹ́yìn. Idẹ náà ya ní ìdí, iná àti èéfín gba ẹ̀yìn ìbọn jáde, ó sì gba Bàbá Odùbọ́lá lójú. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ojú ọ̀tún kò là.

Ọ̀gá mi ti Ìbefun dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n kò tíì bọ́ bàtà nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ẹgba. Wọ́n ní kí n dìde. A jọ lọ sí ọsibítù. Àwọn ọdẹ méje tàbí mẹ́jọ ló wà ní ẹnu ọ̀nà, ojú wọn pọ́n. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ yìí ni!"

Bàbá Sájìn bọ́ síwájú mi. "Ọmọ kì í ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dọ̀ mi ni ẹ kó idẹ wá, ọwọ́ mi ni ó ti bàjẹ́."

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n sì dúró níwájú àwọn ènìyàn yẹn láìfìlà títí ìbínú wọn fi rọ̀. Àgbà ọkùnrin tí mi ò rí kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Títí dòní, bí mo bá rántí orí wọn tó ti funfun nínú oòrùn yẹn, omi máa ń kún mi lójú.

Ojú náà kò fọ́. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó là, ó sì ríran. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún jó, ẹ̀tù sì wọnú awọ, ó ṣe àpá dúdú kan tí kò lọ mọ́.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé ìkán-oògùn onígíláàsì náà jáde, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀tù. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Omi ni tìrẹ. Gbogbo idẹ tó bá wọ ibí, àtijọ́ ni o, tuntun ni o, ìwọ ni yóò wọn inú rẹ̀."

Mo ní, "Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Títí ẹnì kan yóò fi bẹ̀ ọ́ pé kí o di ọta fún òun."

Ta ni yóò bẹ̀ mí? Gbogbo ayé ọdẹ ti gbọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń kán omi. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba òmìnira, wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, èmi ṣì wà nídìí abọ́ omi. Bí àwọn ọdẹ bá ń kọjá, wọn óò yọjú: "Jímọ̀ Olómi! Òùngbẹ ń gbẹ mí o, kán díẹ̀ sí mi lẹ́nu." Òmíràn a ní, "Ẹ̀kán mélòó ló wà nínú odò Ọ̀ṣun, Jímọ̀?" Inú mi bàjẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní kí n kúrò níbẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Odùbọ́lá yóò fi máa tẹ̀ lé mi.

Nǹkan kan sì ń ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò tètè mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, bí mo bá gbé idẹ lé àtẹ́lẹwọ́, mo ti máa ń mọ èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí ara rẹ̀ nípọn kí n tó kán omi sí i. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n gbé idẹ mẹ́wàá wá, wọ́n ní kí n tò wọ́n. Mo tò wọ́n. Wọ́n fi omi yẹ̀ wọ́n wò, kò sí èyí tí mo ṣì. Mo ń retí ìyìn. Wọ́n ní, "Ó dára. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kán omi sí i."

Lọ́jọ́ kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá Odùbọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ti tún ráífù náà ṣe. Wọ́n da àpò idẹ kan sílẹ̀ sórí tábìlì, tuntun fọ́ọ́fọ́ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Àpá dúdú yẹn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Wọ́n ní, "Sájìn, Jímọ̀ ni mo fẹ́ kó di èyí fún mi."

Ọ̀gá mi wò wọ́n. "Odùbọ́lá, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Èmi ni mo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ ọ́n." Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ tó fi ọdún méjì kán omi nítorí tèmi, ta tún ni yóò ṣọ́ra fún mi jù ú lọ? Àti pé, ìyàwó mi ní àpá kan yìí mú mi rẹwà. Bí o bá tún fi ìkejì sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá bá ọ."

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Mo wọn omi inú idẹ kọ̀ọ̀kan, mo ya àwọn tó bára mu sọ́tọ̀. Mo gbàgbé ìwọ̀n àtijọ́ bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá mi kò sún mọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrin, a kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí òkìtì amọ̀ ńlá kan wà tí a máa ń yìnbọn sí. Àwọn ọdẹ kan tẹ̀ lé wa láti wá wòran.

Mo gbé ráífù. Òfin ni pé èmi ni yóò yin àkọ́kọ́. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e ni ọ̀gá mi na ọwọ́.

"Gbé e wá."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Òfin yín ni."

"Ṣé o wọn omi inú rẹ̀?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Ṣé o dá ẹ̀tù padà sí ìsàlẹ̀?"

"Mo dá a padà."

"Yàgò."

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà wọn yẹn lé ìdí rẹ̀, wọ́n dì í mú ṣinṣin, wọ́n sì yìn ín. Ó dún, amọ̀ fò sókè. Wọ́n fa idẹ jáde, ó yọ wọ́ọ́rọ́ láìfi agbára. Wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n wo káàpù, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ bó ṣe gbóná. Bàbá Odùbọ́lá ló pariwo pé, "Jímọ̀ Olómi o!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti kúrò lórúkọ ẹ̀sín.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn ni mo gba òmìnira, ṣùgbọ́n mi ò kúrò. Èmi ni mo bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi dákẹ́, àwọn ọmọ wọn sì fi ṣọ́ọ̀bù náà lé mi lọ́wọ́. Mo gba ìwé àṣẹ ní orúkọ tèmi. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ń nu gíláàsì.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ onírin tó ń fi orí ọta sí i ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dé, ó sì gba iṣẹ́ òòlù tí a fi ń gbá a wọlé tẹ́lẹ̀. Síkéèlì oníbátìrì dé, ó ń fi nọ́ńbà hàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ lò ó, nọ́ńbà náà ń lọ, ó ń bọ̀, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Fáànù òrùlé ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ abọ́. Mo pa fáànù, mo ṣí agolo wẹ́rẹ́njẹ́jẹ́, mo fi èso ọ̀gá mi yẹ síkéèlì òyìnbó wò. Ó pé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tó mẹ́sàn-án. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi ni Rísíkátù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe kó tó wá, obìnrin tó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹnu rẹ̀ gbóná. Nígbà tí àwọn ọdẹ kọ́kọ́ rí i, ọ̀kan ní, "Ṣé obìnrin ni yóò máa di ọta fún wa báyìí?" Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ìmàdò tí ẹ bá yìn ò ní dìde bi yín pé ta ló dì í."

Lọ́jọ́ kan ni mo mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kán omi sínú idẹ, mo sì rí i pé ojú mi kò rí ibi tí omi ti dọ́gba pẹ̀lú ẹnu mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Bàbá Odùbọ́lá, tí irun òun náà ti ń funfun, gbé ráífù bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú idẹ tuntun. Mo ní kí Rísíkátù ṣe é.

Mi ò sún mọ́ ọn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ka ẹ̀kán omi sábẹ́ ẹnu. Nígbà kan ẹnì kan kí i láti ìta, kò dáhùn. Mo gbọ́ tó da ohun tó wọ̀n padà, tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín síbi tí mo wà.

Nígbà tí a dé ìdí òkìtì amọ̀, ó gbé ìbọn. Ó ti fẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Mo ní, "Gbé e wá."

"Bàbá, èmi ni o. Òfin yín ni."

Mo bi í ní ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí. Ó dáhùn wọn. Mo ní kó yàgò.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń rò pé ọ̀gá mi kò bẹ̀rù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi lé igi ìdí ìbọn yẹn, tó tutù, tí mo sì rántí àpá dúdú Bàbá Odùbọ́lá, ẹ̀rù bà mí, mo sì wá mọ̀ pé ẹ̀rù ba ọ̀gá mi náà. Ó bà wọ́n, wọ́n sì yìn ín, kí n lè mọ̀ pé wọ́n gbà mí gbọ́. Mo fà á. Ó dún, amọ̀ fò sókè. Idẹ yọ wọ́ọ́rọ́. Mi ò rí ojú káàpù dáadáa, mo na án sí Rísíkátù pé kó bá mi wò ó.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dára, Bàbá." Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Mo bọ ọwọ́ sápò, mo yọ ìkán-oògùn onígíláàsì náà, mo fi í lé e lọ́wọ́. Mi ò padà sídìí iṣẹ́ mọ́.

Ọmọ ọmọ mi tí mo ń sọ ìtàn yìí fún kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo dé ibí. Ó bi mí pé ṣé obìnrin náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó lọ sí ẹ̀yìn ọjà Òkè-Àjé, kó má wulẹ̀ béèrè Rísíkátù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, wọn ò mọ orúkọ yẹn mọ́. Kó ní òun ń wá Ìyá Olómi.